Ìrìn ẹsẹ̀ láàárín ìgboro Oǹdó: ilé ta ni ká máa yà sí?

ỌmọẸ̀kímọ̀gún:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ rò. Ní ìparí ọdún, bí àwọn ọmọ wa bá ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun dé, ohun tí à ń mú wọn lọ wò kò ju ilé ìyá àgbà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti ibi ìnáwó lọ. Wọn á jẹ iyán, wọn á ya fọ́tò, wọn á padà síbi tí wọ́n ti wá. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn kárí Nàìjíríà ti gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń fi mọ́tò gbà kọjá yẹn.

Mo fẹ́ ká ṣètò ìrìn ẹsẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ká bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ààfin Òṣemàwé, ọba ìlú wa, ká yà sí Òkè-Àlùkò níbi tí ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wà, ká gba Ademulegun Road, ká wá parí rẹ̀ síbi tí wọ́n sin Gani Fawehinmi sí. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ká tún máa lọ.

Ẹ bá mi dá sí i. Ta ni mo gbàgbé? Ilé àtijọ́ wo ló ṣì dúró tí èèyàn lè rí láti ojú títì?

TíṣàFẹ̀yìntì:
Àbúrò, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é. Ohun tí mo máa bẹ̀ ẹ́ ni pé tẹ́ ẹ bá dé Òkè-Àlùkò, ẹ má kàn sọ fáwọn ọmọ pé "Bíṣọ́ọ̀bù Phillips ló mú ìgbàgbọ́ wá," kẹ́ ẹ sì kọjá. David Hinderer ti dé Oǹdó ní 1875, kí Phillips tó dé ní 1877. Ọ̀rọ̀ Phillips jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ìlú tó bá. Ogun ti tú Oǹdó ká, àwọn èèyàn ti kúrò nílé lọ sí Òkè-Ọ̀pá fún ọdún gbọọrọ. Ní 1872 ni Gómìnà Glover rán Goldsworthy láti Èkó wá láti bá wọn tún ìlú tò, torí ìjọba Èkó fẹ́ kí ọ̀nà ìlà-oòrùn ṣí sílẹ̀ fún ọjà láti Oǹdó títí dé ọ̀sà. Ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí ni Phillips gbé ẹrù ẹ̀ wọ̀. Àsìkò tó dé yẹn náà ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀.

Nígbà tó di 1886, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti rẹ̀ fún ogun yẹn, ìjọba Èkó wá àwọn tí apá méjèèjì lè fọkàn tán. Àlùfáà méjì ni wọ́n rán: Samuel Johnson àti Charles Phillips tiwa yìí. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹni tó ń gbé láàárín wa ní Oǹdó wà lára àwọn tó dá ìbọn dúró ní Kírìjì! Ọmọ mélòó ní Oǹdó lónìí ló gbọ́ ọ rí?

Wọ́n sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Isaac Oluwole. Ó kú ní 1906. Àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó ń bá ṣiṣẹ́, wà ní yunifásítì Birmingham ní ìlú Òyìnbó. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà nítòsí ibẹ̀, kó bá wa wá ojú ìwé kan péré tó sọ̀rọ̀ Oǹdó, ká fi kà fún wọn níbẹ̀.

AkọrinÁltò:
Ẹ kú ọpọlọ, bàbá. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un. T. K. Ekundayo Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Màrínà l'Ékòó láti 1914 sí 1962, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Phillips ni. Ọdún méjìdínláàádọ́ta nídìí dùùrù kan. Òun ló jà fún un kí orin ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé ohùn orin Òyìnbó ló ń yí "ọkọ" padà sí "ọkọ́." Gbogbo akọrin tó bá ń kọ orin ìbílẹ̀ ní ilé ìjọsìn jẹ gbèsè fún ìdílé yẹn. Tí ìrìn yìí bá dé Òkè-Àlùkò, a lè kó akọrin bíi mẹ́fà dúró síbẹ̀, ká kọ ẹsẹ orin méjì kí wọ́n tó máa lọ.

ÌyáElélùbọ́_Yaba:
Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ mo ka orúkọ tẹ́ ẹ dá, ọkùnrin, ọkùnrin, ọkùnrin. Obìnrin ńkọ́? Ní Oǹdó! Ìlú tó jẹ́ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé ìbejì ni Púpùpú, ọmọ Aláàfin Olúaso, nígbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, tí wọ́n fi ní láti gbé wọn kúrò láàfin. Púpùpú ló wá jẹ Òṣemàwé àkọ́kọ́, kí Àìrò ọmọ rẹ̀ tó jẹ tẹ̀ lé e.

Títí dòní, Lóbùn wà. Ọba Obìnrin ni wọ́n ń pè é, òun ló ni ọ̀rọ̀ ọjà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń fi Òṣemàwé jẹ. Ìrìn tó bá wo ilé àwọn èèyàn ńlá Oǹdó tí kò dé ọ̀dọ̀ Lóbùn, aláàbọ̀ ìrìn ni. Àwọn ọmọbìnrin wà nínú àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ. Kí ni wọ́n máa bá bọ̀?

ỌmọẸ̀kímọ̀gún:
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Lóbùn wọlé ní kíákíá, òun la sì máa yà sí lẹ́yìn ààfin kó tó kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a lè kàn rọ́ wọ̀. A nílò àgbà tó máa ṣáájú lọ gba àṣẹ.

ÒtítọKorò:
Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Ṣé ilé ni a ń wò tàbí orúkọ títì? Bírígédíà Ademulegun, Kàdúná ló ń gbé nígbà tí wọ́n pa á. Ilé tí ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Tí a bá kó àwọn ọmọ dúró sójú Ademulegun Road láàárín àwọn tó ń ta fóònù àti bàtà, kí la ń fi hàn wọ́n? Tí a bá sọ pé ìrìn ilé ni, kó jẹ́ ilé.

BàbáSójà:
Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn ẹ̀ dáadáa.

Samuel Adesujo Ademulegun, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé ni. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ó gòkè títí ó fi di bírígédíà, tó ń darí Bírígéédì Kìíní ní Kàdúná. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, àwọn sójà wọ ilé rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ Latifat pẹ̀lú. Orí ibùsùn. Gbogbo ogun tó jà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìjọba sójà tí a gbé abẹ́ rẹ̀ dàgbà, òru yẹn ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

Ìdí tó fi yẹ ká dúró sójú títì yẹn nìyí: ojoojúmọ́ ni ọmọ Oǹdó ń pe orúkọ yẹn. "Ọ̀kadà, gbé mi dé Ademulegun." "Pàdé mi ní Ademulegun." Ọ̀pọ̀ wọn rò pé orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni. Mo ti bi àwọn ọmọ tó ń ta ọjà níbẹ̀ pé ta ni Ademulegun, ẹyọ kan kò dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ gan-an, láàárín ariwo yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún wọn.

ÒtítọKorò:
Ó yé mi wàyí, bàbá. Mo gbà pẹ̀lú yín. Àmọ́ kí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sọ ọ́ kedere pé Kàdúná ni ilé tí wọ́n pa á sí wà, kó má di pé ọmọ kan lọ ń sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun rí ilé tí wọ́n ti pa Ademulegun.

BàbáSójà:
Ìyẹn dájú. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbà fún mi.

ỌmọÌyèmájà:
Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Gani. Gbogbo èèyàn ló mọ Gani ti kóòtù, Gani tí ìjọba ológun ń tì mọ́lé tó tún ń jáde wá pe ẹjọ́ mìíràn, Gani tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fún ní oyè SAN, oyè agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà, ní 2001 lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ ti fi í ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún mẹ̀kúnnù tipẹ́. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2009, Oǹdó níbí ni wọ́n sì gbé e wá sin sí. Mo rántí bí ìlú ṣe kún.

Ṣùgbọ́n Gani ti Oǹdó ṣáájú gbogbo ìyẹn. Bàbá rẹ̀, Saheed Tugbobo Fawehinmi, oníṣòwò gẹdú tó rí jájẹ ni, òun náà ni Sẹ́ríkì Mùsùlùmí Oǹdó. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Lísà Alujannu Fawehinmi. Nítorí bó ṣe jagun fún Oǹdó ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àlùjànnú. Ẹ wò ó, kò sí bí ọmọ irú ilé yẹn kò ṣe ní lè kojú sójà.

Àbá mi nìyí: ẹ má fi ọ̀rọ̀ Gani mọ sí ibojì. 1938 ni wọ́n bí i. Ní 1947 ló bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ansar-ud-Deen ní Ìyèmájà, ó sì parí ní 1953 kó tó lọ sí Victory College ní Ìkàrẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ kó rìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ kó wọn gba Ìyèmájà kí wọ́n rí ilé ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n sin ín. Ọmọdé tó bá rí ibi tí Gani ti kọ́ á-bí-dí yóò mọ̀ pé èèyàn bíi tòun ni.

ỌmọẸ̀kímọ̀gún:
Èyí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Mo ti yí ọ̀nà padà nínú ìwé mi báyìí.

BíríkìlàÀgbà:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi, ilé gan-an ni iṣẹ́ mi, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé.

Àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó kù ní ìgboro yìí, owó kòkó àti owó gẹdú ló kọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Amọ̀ ni ògiri wọn. Wọ́n á gún amọ̀, wọ́n á mọ ọ́n lé ara wọn ní ìpele ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri yẹn nípọn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá na ọwọ́ sójú fèrèsé, ó lè dé ìgbọ̀nwọ́ kí ìka yín tó yọ síta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tí wọ́n á ya òdòdó àti ọwọ̀n sí iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn Àgùdà ṣe mú un bọ̀ láti Bùràsíìlì. Igi gidi ni òpó àti pákó òkè rẹ̀. Tí wọ́n bá ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀, ìrókò inú rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò igi ń sáré wá rà, torí ó ṣì le ju èyí tí wọ́n ń là lónìí lọ.

Kí ló ń pa wọ́n? Kì í ṣe ọjọ́ orí. Omi ni. Páànù kan á dá lu, ìdílé á máa retí ara wọn lórí owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe, òjò méjì mẹ́ta á rọ̀, amọ̀ inú ògiri á mu omi, á wú, á ṣubú. Ìkejì ni àtúnṣe tí kò bá ilé mu. Wọ́n á rí i pé ìdí ògiri ń bó, wọ́n á pe ẹni tó máa fi sìmẹ́ńtì tó ki rẹ́ ẹ tínrín-tínrín. Sìmẹ́ńtì yẹn kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó wà nínú rẹ̀ kò ríbi jáde, ó ń jẹ ẹ́ láti inú. Lóde ẹ máa rí ògiri tó ń dán, inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀pẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń rìn, kẹ́ ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ láti wo ilé: òkè ibi tí páànù ti pàdé ògiri, àti ìsàlẹ̀ níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀. Tí ibẹ̀ méjèèjì bá gbẹ, ilé yẹn ṣì máa pẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ fi owó sí òrùlé kó tó ra ọ̀dà. Mo ti rí ilé rèǹtè-rente tí wọ́n wó láti fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. Ó dùn mí títí dòní.

ÀbíkẹỌmọOnílé:
Bàbá bíríkìlà, ẹ ṣé. Ọ̀kan nínú irú ilé tẹ́ ẹ sọ yẹn lèmi ń gbé. Mi ò ní sọ èwo, torí mo mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé èèyàn ń gbé inú ilé wọ̀nyí. Mo ti jókòó rí ní ẹ̀yìnkùlé, aṣọ ìró lásán ni mo so mọ́ àyà, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mo kàn rí àjèjì mẹ́ta tí wọ́n gbé fóònù sókè tí wọ́n ń ya fọ́tò. Wọn ò kí èèyàn. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní "ilé ìtàn" làwọn ń yà. Ilé bàbá mi ni! Yàrá tí wọ́n ń nàka sí, ìyá mi tí ara rẹ̀ kò yá ló sùn sínú ẹ̀.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má wá o. Inú mi máa dùn tí àwọn ọmọ bá mọ ohun tí bàbá wa ṣe. Àmọ́ kẹ́ ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ dúró síta títí tí onílé á fi ní kẹ́ ẹ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé. Àti pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ pátákó mọ́ ògiri, kí gbogbo ìdílé jọ fọwọ́ sí i. Ilé àjọni ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni kan lè gbà lónìí, kí òmíràn ti Ìbàdàn dé lọ́la kó fà á ya.

TíṣàFẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ pátápátá lo sọ. Ohun tó o sọ yìí ló yẹ kó jẹ́ òfin àkọ́kọ́ nínú ìrìn náà.

ỌmọẸ̀kímọ̀gún:
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ má bínú sí ohun tí wọ́n ṣe sí yín. Bẹ́ẹ̀ gan-an la máa ṣe é. Ilé tí ìdílé rẹ̀ kò bá gbà, a ò ní yà síbẹ̀, a ò sì ní dárúkọ rẹ̀.

ACE_Níbẹ̀_Ni_Mo_Kàwé:
Ẹ ti gbàgbé Canon M. C. Adeyemi o! Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún èèyàn lè ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí kí wọ́n má mọ̀ pé orúkọ àlùfáà kan ni wọ́n fi ń pe ilé ẹ̀kọ́ wọn. Òun ni baba ẹ̀kọ́ nílùú yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ Ondo Boys' High School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1919 dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, orúkọ náà ló sì tẹ̀ lé e nígbà tó di yunifásítì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì jìn díẹ̀ fún ìrìn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Òkè-Àlùkò, torí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò yà síra nígbà ayé rẹ̀.

ỌmọAkúrẹ́:
Ẹ̀yin ará Oǹdó, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ó wù mí púpọ̀. Akúrẹ́ náà nílò rẹ̀. Ọba Adesida Kìíní jọba láti 1897 sí 1957, ọgọ́ta ọdún gbáko. Ó bá ayé àwọn àgbà tó rántí ogun, ó sì kúrò nígbà tí òmìnira ku ọdún mẹ́ta. Títì ńlá tó la ìgboro wa kọjá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bíi ti Ademulegun yín náà ló rí, wọ́n ń pè é, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ààfin àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ohun ìrántí ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú àwọn ua (àgbàlá) rẹ̀ tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: Ua Ubura fún ìbúra, Ua Jemifohun fún ìpàdé Déjì, ọba wa, pẹ̀lú àwọn ìjòyè.

Adájọ́ Akinola Aguda náà, ọmọ Akúrẹ́. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà ní Bòtìswánà, òun náà ló darí ìgbìmọ̀ tó ní kí olú-ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín tán, ẹ fi bẹ́ ẹ ṣe ṣe é ránṣẹ́ sí wa.

ỌmọẸ̀kímọ̀gún:
Ẹ̀gbọ́n Akúrẹ́, ẹ máa bọ̀ wá bá wa rìn, ẹ ó fi ojú ara yín rí i.

Ibi tí a bá a dé nìyí. Ààfin la ti máa bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìtàn Púpùpú. Lẹ́yìn náà, Lóbùn, tí wọ́n bá fún wa láṣẹ. Òkè-Àlùkò fún Phillips, ọmọ rẹ̀, àti Canon Adeyemi. Àwọn akọrin á wà níbẹ̀. Ademulegun Road, Bàbá Sójà. Bíríkìlà Àgbà á bá wa rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ibi tó bá ti rí ilé tó yẹ ká wò, á dá wa dúró. Ìyèmájà, kó tó wá kan Gani. Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Kérésìmesì, àmọ́ a ó yẹra fún ọjọ́ ìmọ́tótó. Kò ní ju ọmọ ogún lọ lẹ́ẹ̀kan, àgbàlagbà mẹ́rin pẹ̀lú wọn, torí gọ́tà tí kò ní ìdérí pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọlọ́kadà kì í sì í dúró.

Ohun tó kù ni ẹni tó máa lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Lóbùn àti lọ́dọ̀ àwọn ìdílé. Èmi nìkan kéré sí i.

ÌyáElélùbọ́_Yaba:
Fi ti Lóbùn sílẹ̀ fún mi. Àwa ọlọ́jà mọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀. Ìwọ sọ fún mi ohun tí wọ́n ń béèrè tí mo bá dé, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ àti iye ọmọ tó ń bọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé kí n rí nǹkan fi lélẹ̀.

ÀbíkẹỌmọOnílé:
Mo ti bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná. Wọ́n gbà pé kẹ́ ẹ dúró síwájú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní òun fẹ́ fúnra òun sọ ìtàn bàbá wa fún àwọn ọmọ. Mo máa fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ẹ níkọ̀kọ̀, má gbé e síbí.

BíríkìlàÀgbà:
Mo ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì. Kí wọ́n tó di ọ̀gá ara wọn, kí wọ́n rí ohun tí àwọn tó ṣáájú wa fi amọ̀ ṣe.